Chardonnay Hamilton Russell 2021: ó kọ́kọ́ há, ó wá tú. Kí n ṣí ìgò kejì àbí kí n fi pamọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ra ìgò méjì wáìnì funfun Chardonnay ti Hamilton Russell lọ́wọ́ oníwáìnì kan ládùúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ọdún 2021. Ìgò kan lé ní £30, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ro ó dáadáa. Èmi, ọkọ mi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ṣí ọ̀kan lálẹ́ Sátidé. Ìkejì ṣì wà nílẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, láti àfonífojì Hemel-en-Aarde lẹ́yìn ìlú Hermanus, níbi táwọn èèyàn ti ń lọ wo àbùùbùtán létí òkun. Ẹbí kan náà ló ni oko yìí látìbẹ̀rẹ̀. Tim Hamilton Russell ló ra ilẹ̀ náà lọ́dún 1975, ọmọ rẹ̀ Anthony sì gba àkóso lọ́dún 1991. Àjàrà méjì, Chardonnay àti Pinot Noir, nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ọtí tó ń jẹ́ orúkọ ẹbí náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dà á láti inú fìríìjì, ó tutù jù. Òórùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde, àfi ọsàn wẹ́wẹ́ àti nǹkan kan tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Kíkan rẹ̀ ta ahọ́n. Àbúrò mi wo ojú mi, ó ní ṣé ohun tí mo ná owó sí nìyí. Mo ní kí a gbé ife sílẹ̀ ná, kí a jẹun.

Nígbà tí a máa fi padà sí i, ọtí ti ṣí. Òórùn péà tó pọ́n dé, èèpo òróńbó dé, ẹ̀pà yíyan tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó gbé inú àgbá igi, ṣùgbọ́n igi yẹn kò bo èso mọ́lẹ̀. Ó kún ẹnu láìsí pé ó dùn bíi ṣúgà, kíkan yẹn sì ti rí ibi tó yẹ kó jókòó sí. Bí mo bá gbé e mì tán, iyọ̀ díẹ̀ máa ń kù létí ahọ́n, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àbúrò mi tó ń wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ló mu èyí tó kù nínú ìgò.

Ìbéèrè mi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé kí n ṣí ìkejì láìpẹ́ ni, àbí kí n fi pamọ́? Tó bá jẹ́ pé ká fi pamọ́ ni, títí di ìgbà wo?

Délé_Bódìjà kọ:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló mú owó rẹ̀ gun òkè tó bẹ́ẹ̀? Wáìnì Gúúsù Áfíríkà ló kún àwọn ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, nítorí pé owó rẹ̀ kò le bíi ti Faransé ni wọ́n sì ṣe ń rà á.

Mo mu Chardonnay kan rí níbi ìgbéyàwó. Bọ́tà àti fànílà ló kún inú ẹ̀, mi ò lè mu ife kejì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ pé Chardonnay kì í ṣe tèmi. Ṣé irú ẹ̀ náà lẹ ń sọ yìí?

Ẹ̀gbọ́n_Àgbá kọ:

Délé, bọ́tà tó o mu yẹn kì í ṣe ti àjàrà. Iṣẹ́ wáìnì ni mo ń ṣe níbí ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ tó o sọ yìí ni mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn oníbàárà.

Àjàrà Chardonnay fúnra rẹ̀ kò ní òórùn líle. Ohun tí ilẹ̀ bá fún un àti ohun tí ọwọ́ èèyàn bá ṣe sí i ló máa ń gbé jáde. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti sọ ṣúgà inú àjàrà di ọtí, bakitéríà kan lè wọlé, kó sọ ásíìdì tó kan gan-an, irú èyí tó wà nínú ápù tí kò tíì pọ́n, di èyí tó rọ̀, irú ti wàrà. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní diacetyl ti ń jáde, òun gan-an ni òórùn bọ́tà. Fànílà ní tiẹ̀, inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n fi iná yan inú rẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ọtí ní pọ́ọ́kú kì í ra àgbá, ègé igi óákù ló máa rọ sínú táńkì onírin. Bó ṣe ń di ọtí tó o mu níbi ìgbéyàwó nìyẹn. Àwọn ará Kalifóníà ló sọ irú ẹ̀ di àṣà.

Tó o bá bi mí nípa owó, wo àgbá yẹn. Àgbá lítà 228 ni wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Bọ̀gọ́ńdì, àgbègbè wáìnì kan ní ilẹ̀ Faransé. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń rà á, owó ńlá ni, ìgò bíi 300 péré ló sì ń jáde nínú ọ̀kan. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń fún ọtí ní adùn igi, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó ti di àgbá lásán. Ọtí á wà nínú ẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù pípẹ́, ìyẹn òkú ìwúkàrà tó rọ̀ sísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó kún ẹnu. Owó ń sùn síbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Wàyí o, ilẹ̀. Hemel-en-Aarde wà nítòsí òkun Àtìláńtíìkì, omi tútù sì ń ṣàn gba etíkun yẹn kọjá láti gúúsù. Atẹ́gùn tó ń ti ibẹ̀ fẹ́ wọ àfonífojì ò jẹ́ kí àjàrà pọ́n ní ìkánjú. Àjàrà tó bá yára pọ́n nínú ooru máa ń ní ṣúgà púpọ̀, kíkan rẹ̀ á sì ti lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tún jẹ́ amọ̀ tó ti ara òkúta pẹlẹbẹ jáde, kò lọ́ràá tó ti oko àgbàdo, nítorí náà igi àjàrà kì í so púpọ̀. Ohun tó bá so níwọ̀nba ló máa ń ní adùn.

Àbẹ̀kẹ́, ìdáhùn rẹ ń bọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà.

Bọ́lá_Houston kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi, àyàfi ibi tẹ́ ẹ ti kó gbogbo Kalifóníà pọ̀. Ẹ wo Chateau Montelena ní Calistoga. Ẹbí Barrett ló ń darí ẹ̀ láti ọdún 1972. Chardonnay wọn ti ọdún 1973 ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọtí funfun ní Paris ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, níbi tí Steven Spurrier, oníṣòwò wáìnì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti bo orúkọ gbogbo ìgò, tí àwọn onídàájọ́ tó jẹ́ ọmọ Faransé sì tọ́ ọ wò fúnra wọn. Meursault àti Puligny, ọtí Bọ̀gọ́ńdì tó lókìkí, wà níbẹ̀.

Wọn kì í jẹ́ kí bakitéríà tẹ́ ẹ sọ yẹn ṣiṣẹ́ nínú Chardonnay wọn. Kò sí bọ́tà níbẹ̀ rárá. Mo mu ún lọ́dún tó kọjá níbi ọjọ́ ìbí ọ̀gá mi, ápù àti kíkan tó mọ́ ni mo bá pàdé.

Délé, ní ti owó, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ẹ dá owó jọ, kí ẹ ra ojúlówó kan dípò kí kálukú ra èyí tó ń ta bọ́tà.

Kẹ́hìndé_Auckland kọ:

Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá, ẹni tó ṣe ọtí Montelena ọdún 1973 yẹn ni Mike Grgich, ọmọ Croatia. Ẹbí tó ń ṣe Chardonnay tó wù mí jù níbí náà, Croatia làwọn òbí wọn àgbà ti wá. Kumeu River lorúkọ wọn, ẹbí Brajkovich. Ọdún 1944 ni wọ́n ra ilẹ̀ wọn. Ọmọ wọn Michael ló ń ṣe ọtí, òun lọmọ New Zealand àkọ́kọ́ tó di Master of Wine, oyè ńlá nínú ìmọ̀ wáìnì, lọ́dún 1989. Wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀, Maté, sọ ọgbà àjàrà wọn tó lókìkí jù.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó pinnu nípa ìgò kejì, ẹ wo ìdérí rẹ̀. Láti ọtí ọdún 2001 ni Kumeu River ti pa kọ́ọ̀kì tì, ìdérí tí wọ́n ń yí ni wọ́n ń lò. Kọ́ọ̀kì kì í rí bákan náà, òmíì máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó bá Bọ̀gọ́ńdì funfun jà láti àárín àwọn ọdún 1990 ṣì ń dun àwọn tó kó o pamọ́. Ọtí tó yẹ kó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú láàárín ọdún márùn-ún sí méje, òórùn ápù jíjẹrà ló kù nínú ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgò, ohun tó sì ń dáni lágara nìyẹn. Nínú páálí kan ṣoṣo, ọ̀kan á dára, èkejì á ti kú.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbá kọ:

Bọ́lá, òótọ́ lo sọ, Montelena kò sí lára àwọn tí mò ń bá wí.

Àbẹ̀kẹ́, ìdáhùn rẹ rèé. Ohun tó o kọ pé ó há nígbà tó tutù, tó sì ṣí lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń sọ fún wa pé ọtí náà ṣì lágbára. Ọtí tó ti ń rẹ̀ máa ń fi gbogbo ara rẹ̀ hàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á wá ṣá nínú ife. Tìrẹ ṣe òdìkejì. Àjàrà ọdún 2021 yẹn pẹ́ kó tó pọ́n ní àgbègbè Cape ní Gúúsù Áfíríkà, ojú ọjọ́ tutù, kíkan ọtí ibẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Mo lè fi ìgò yẹn pamọ́ fún ọdún mẹ́ta sí i láìbẹ̀rù, bí ibi tó wà bá tutù, tó ṣókùnkùn, tí ìgò sì dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Ìkìlọ̀ Kẹ́hìndé tọ̀nà, mi ò sì ní kí o tì í dé ọdún mẹ́wàá. Bí o kò bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ló máa wà, ṣí i lọ́dún yìí.

Nígbà tó o bá fẹ́ ṣí i, jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò nínú fìríìjì bí ìṣẹ́jú ogún tàbí ọgbọ̀n ṣáájú. 11 sí 13°C ló dára fún un. Lo ife tí ikùn rẹ̀ tóbi, má sì ṣe da ọtí kọjá ìdajì. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ Chardonnay olówó ńlá jù lọ ni kí wọ́n fi yìnyín pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti rí i nínú ilé oúnjẹ àwọn olówó, ó máa ń dùn mí títí di òní.

Bàbá_Ọ̀tún kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kò dá lórí adùn.

Nígbà tí a wà nílé ìwé gíga, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan nǹkan tó bá ti Gúúsù Áfíríkà wá, nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó wà níbẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fòfin dè é, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá owó fún àwọn tó ń jà níbẹ̀. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ sọ pé ọdún 1975 ni wọ́n ra ilẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló lè ra ilẹ̀ nígbà yẹn, ta ni kò sì lè rà á. Ní àgbègbè Cape, ó ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní dop. Wáìnì ni àwọn olóko fi ń san apá kan owó iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, láti ìran dé ìran, títí ọtí fi wọ ara àwọn ìdílé kan. Òfin ti dá a dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ọtí bà jẹ́ látinú ìyá wọn ṣì wà láyé.

Mi ò sọ pé oko tẹ́ ẹ mu ọtí rẹ̀ yìí ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní ẹ̀rí kankan. Mo kàn fẹ́ kí a máa béèrè ẹni tó ń gé àjàrà, bí a ṣe ń béèrè irú àgbá tí wọ́n lò.

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo mọ̀ nípa ìfòfindè yẹn láti ẹnu bàbá mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ nípa dop rí. Mo kà á fún ọkọ mi sókè, àwa méjèèjì dákẹ́. Mi ò kábàámọ̀ pé mo ra ọtí náà, síbẹ̀ màá fẹ́ mọ ohun tí mo lè wò lára ìgò tí mo bá tún fẹ́ rà.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbá kọ:

Bàbá Ọ̀tún, ẹ kú ìrántí. Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ ní sísọ, inú mi sì dùn pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, èdìdì WIETA wà, òun ló ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ nínú iṣẹ́ wáìnì Gúúsù Áfíríkà. Fairtrade náà wà. Wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé gbogbo nǹkan ti pé, àmọ́ wọ́n sàn ju pé kí èèyàn máa méfò lọ.

Èyí tó tún dára ju èdìdì lọ lójú mi, wá wáìnì Aslina. Ntsiki Biyela ló ni ín. Wọ́n kà á sí obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di aṣewáìnì ní Gúúsù Áfíríkà. KwaZulu-Natal ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé e dé Yunifásítì Stellenbosch lọ́dún 1999, kò sì tíì fẹnu kan wáìnì rí nígbà yẹn. Orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà tó tọ́ ọ ló fi sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe Chardonnay, ó sì dára. Igi rẹ̀ kò pọ̀, èso rẹ̀ mọ́ kedere.

Ohun kan tó tún so mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ọwọ́ àwọn kan péré ni àṣẹ wà láyé ìgbà yẹn, àní láàárín àwọn aláwọ̀ funfun fúnra wọn. KWV, ẹgbẹ́ àwọn olóko àjàrà, ló ń darí iṣẹ́ wáìnì, láti 1957 ni wọ́n sì ti ń fi kóta pín ibi tí èèyàn lè gbin àjàrà ọtí sí. Hemel-en-Aarde kò ní kóta. Ohun tó mú kí àwọn Hamilton Russell máa bá òfin fà á nìyẹn. Ọdún 1981 ni ọtí wọn àkọ́kọ́ jáde, 1992 ni wọ́n tó fagi lé kóta pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣòro láti gba ẹ̀ka Chardonnay tó dára wọ orílẹ̀-èdè náà, àyẹ̀wò ìjọba ń gba ọdún púpọ̀. Àwọn olóko kan bá ń fi pamọ́ kó o wọlé. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àṣírí tú pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbìn kì í ṣe Chardonnay rárá, Auxerrois, àjàrà funfun míì, ni. Ìdí nìyẹn tí Chardonnay ibẹ̀ fi jẹ́ ọmọdé lójú ti Bọ̀gọ́ńdì. Bó ṣe wá dára tó báyìí láàárín ogójì ọdún péré, mo ń bọ̀wọ̀ fún un.

Délé_Bódìjà kọ:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà. Oúnjẹ wo ló bá a lọ? Ṣé mo lè fi mu ọbẹ̀ ata?

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham kọ:

Délé, adìẹ sísun la fi jẹ, pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ata rẹ̀ kò sì pọ̀. Àbúrò mi fi ata rodo díẹ̀ sí tiẹ̀, ó ní ọtí náà wá korò lẹ́nu òun, ata sì ń jó òun sí i. Àwa tí a kò fi ata sí i, ńṣe ni ọ̀rá awọ adìẹ ń mú kíkan ọtí náà rọ̀.

Bọ́lá_Houston kọ:

Fi àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo gbígbóná jẹ ẹ́, Délé, kí ata inú ẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Iyọ̀ àti òróró ń fẹ́ ohun tó kan. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin náà dáa, rírọ̀ ẹ̀wà yẹn bá ọtí tó ti inú àgbá jáde mu. Fi ọbẹ̀ ata sílẹ̀ fún bíà.

Ìyá_Ṣadé_Sùúrùlérè kọ:

Ẹ kú àpérò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ra Chardonnay olówó gọbọi kan ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí l'Ékòó fún àjọ̀dún ìgbéyàwó wa. Nígbà tí a ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú bíi tíì, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èso tí wọ́n sè jinná jù. Kọ́ọ̀kì ti gun òkè díẹ̀ kó tó di pé a fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, wọn ò gbà á padà.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbá kọ:

Ìyá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí. Ooru ló pa á. Nígbà tí ibi tó wà bá gbóná gan-an, ọtí inú ìgò máa ń fẹ̀, á ti kọ́ọ̀kì sókè, omi rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ inú kọ̀ǹténà ní èbúté ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù tí iná ti lọ látàárọ̀. Ọtí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe, kódà bí ẹ gbé e sí fìríìjì fún oṣù kan.

Kí ẹ tó sanwó nígbà míì, ẹ fi ìka yín ra orí ìgò. Kọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ìgò tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí ìbòrí tó bo orí kọ́ọ̀kì bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ tí kò yí, tàbí tó ní àbàwọ́n ọtí lábẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé ìgò sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ọtí gùn dé lọ́rùn rẹ̀. Tí ó bá lọ sílẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ti jò. Àwọ̀ Chardonnay tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ kò gbọdọ̀ pọ́n jù. Ẹ má ṣe ra èyí tó dúró sójú fèrèsé láéláé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ń bà á jẹ́.

Kẹ́hìndé_Auckland kọ:

Ìyá Ṣadé, ní Èkó, èmi á kọ́kọ́ wá èyí tó ní ìdérí tí wọ́n ń yí. Ooru ṣì lè bà á jẹ́ o, ṣùgbọ́n kò sí kọ́ọ̀kì tó máa gun òkè.

Ìyá_Ṣadé_Sùúrùlérè kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan sọ fún mi nípa oníwáìnì kan ní Ìkòyí tó ń fi jẹnẹrétọ̀ mú yàrá ọtí rẹ̀ tutù tọ̀sántòru. Màá lọ bi í bóyá ó ní Aslina. Yàrá yẹn gan-an ni màá ní kí wọ́n ti bá mi gbé e wá, mi ò ní gba ti orí pẹpẹ iwájú. Èsì rẹ̀ máa dé síbí.